Ọ̀dà Pupa Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀gá Olùkọ́

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Keje

Ìwé tí àwọn ọmọ lò kù ni mo fi ń kọ èyí. Mo ti ya ewé mẹ́rin tí ìṣirò wà lára rẹ̀ dànù. Mo ń kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dìde lọ́la kó ní òun kò sọ ohun tí òun sọ.

Ohun tí Bàbá wọn sọ lónìí nìyí. Àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Ọ̀gá Fóònù wá kí i. Ó jókòó, ó mu tíì mi, ó jẹ búrẹ́dì mi, ó wá ní ṣọ́ọ̀bù wa wà lójú ọ̀nà tó dára, pé fóònù ni gbogbo ayé ń rà báyìí, ta ló ṣì ń gbé tẹlifíṣọ̀n wá fún àtúnṣe. Dípò kí ọkọ mi ní kó máa lọ ilé rẹ̀, ó ní, "Tẹlifíṣọ̀n Ọ̀gá Olùkọ́ tó wà lórí pẹpẹ yẹn, tí kò bá fi àwòrán hàn kí oṣù Kẹjọ tó parí, wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù."

Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.

Ta ló fẹ́ tún un ṣe? Ó di ọdún méjì ààbọ̀ tí àìsàn ti dá a wólẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè gbé ṣíbí. Èmi ni mò ń ta gílóòbù àti wáyà níbẹ̀, èmi ni mò ń fi iná àti lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ rédíò tó bá já mọ́ra, èmi ni mò ń san owó ilé. Ṣọ́ọ̀bù tí mo jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló fi ta tẹ́tẹ́, torí pé àbúrò rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

Mo fọ abọ́ alẹ́ débi pé ọ̀kan fọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Òjò láti ìdájí. Mo bèèrè kọ́kọ́rọ́ bí mo ti ń bèèrè láràárọ̀. Ó tú u lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ eyín, ó ní, "Má gbàgbé dá a padà o, Ìyá wọn." Ibo ni mo fẹ́ gbé e lọ?

Mo pe alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó bá mi sọ tẹlifíṣọ̀n náà kalẹ̀. Àpótí igi ni, ó ní ilẹ̀kùn méjì níwájú àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Alágbàfọ̀ ní, "Ìyá, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù ni àbí pósí?" Mo ní tó bá jẹ́ kó jábọ́, òun la ó tẹ́ sínú rẹ̀.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku, òkú aáyán, kapásítọ̀ mọ́kànlá, àwọn agolo tó ń gba iná dúró. Mẹ́rin ti wú lórí bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ jù. Méjì ti sun omi sára bọ́ọ̀dù, omi náà ti gbẹ, ó ti jẹ wáyà. Èyí tó tóbi jù nínú wọn tó ife tíì.

Mo tún rí ohun kan. Páànù kékeré kan wà nínú igun, tí wọ́n fi bo apá kan bọ́ọ̀dù, ọ̀dà pupa sì wà lórí síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Mo mọ ọ̀dà yẹn. Ọ̀dà èékánná mi ni. Igo tí mo wá wá wá títí, tí mo fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ mi obìnrin, tí ọmọ náà sunkún sùn. Bàbá wọn ló ń jí i lò láti fi sàmì sí ibi tó bá ti ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé òun ló ṣe é.

Mo dé ilé, mo bi í. Ó ní, "Ibi tí o bá ti rí pupa, má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ṣe ibẹ̀."

Kò sọ nǹkankan nípa ọ̀dà mi.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Keje

Òfin Bàbá wọn ni pé: yọ ọ̀kan, fi ọ̀kan sí, tàn án wò, kí o tó kan òmíràn. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde, bí ẹni tí kò rí i pé ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń mú iná tọ́ọ̀ṣì fún un lẹ́yìn àpótí. Ó dára. Ọ̀kan, ọ̀kan.

Kapásítọ̀ kéékèèké, igba-igba. Èyí tó tóbi, ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọwọ́ ẹni tí a ń pè ní Ojúlówó ni mo ti rà á, torí pé kò sí ohun tó ń tà tí kò ní sọ pé ojúlówó ni. Mo ní kó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn. Ó ní, "Ìyá Tẹlifíṣọ̀n, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ọmọ yín á jogún rẹ̀." Mo ní ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ mi jogún. Ó yọ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Keje

Mo ra lẹ́ẹ̀dì. Lọ́nà, mo yà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Irínwó. Kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Keje

Iná gbá mi lónìí. Kapásítọ̀ ńlá yẹn máa ń gbé iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a bá ti yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná ògiri, gílóòbù la máa ń so mọ́ ọn kó lè fa iná náà mu tán. Mo ń yára, mi ò so gílóòbù kankan. Ó gbé mi láti orí àga dé ara ògiri. Ìka méjì kú títí di ọ̀sán.

Bàbá wọn bi mí nírọ̀lẹ́ pé, "Ṣé ò ń fi gílóòbù fa iná rẹ̀?"

Mo ní, "Kí lẹ tún ń bi mí fún?"

Ó ní, "Torí ò ń fi ọwọ́ òsì jẹun."

 Inú bí mi pé ó rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Keje

Mo ti pààrọ̀ méje. Ọ̀kan, ọ̀kan, bí ó ti wí. Mo tàn án. Ó ń hùn bí ẹ̀rọ ìlọta, ojú rẹ̀ sì ń mì bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọn aṣọ funfun nínú rẹ̀. Kí n tó fọwọ́ kàn án kò burú tó báyìí. Mo ti pààrọ̀ èyí tó tóbi, òun gan-an ló sì yẹ kó pa ìhùn yẹn.

Bàbá wọn ní kí n yẹ ibi tí mo jó wò. Mo ti yẹ ẹ́ wò. Ó ní kí n tún un wò. Bó bá jẹ́ òun ló jó o, ṣé yóò ní kí wọ́n tún un wò? Pupa ni yóò kùn ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Keje

Mo tú gbogbo ibi tí mo jó, mo tún un jó. Ìhùn náà wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán mo jókòó, mo gbé kapásítọ̀ ńlá ti àtijọ́ sí ọwọ́ kan, tuntun sí ọwọ́ kejì, bí mo ti máa ń gbé tòmátì wò ní ọjà. Ti àtijọ́ wúwo. Tuntun fúyẹ́ bí páálí ìṣáná. Ó sì tóbi bákan náà, ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bákan náà.

Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì, mo là á.

Ọ̀kan kékeré ló wà nínú rẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé yíká kó má baà máa mì. Wọ́n wọ agolo ńlá fún ọmọ kékeré. Mo wo ohun yẹn títí. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rò pé ọwọ́ mi ni kò dára.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Keje

Mo dúró kí ṣọ́ọ̀bù Ojúlówó kún. Oníbàárà márùn-ún. Mo gbé kapásítọ̀ tí mo là sí méjì ka orí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Mo ní, "Ojúlówó, mo wá kí ọ. O ta ìwé ìròyìn fún mi, mo sì ti kà á tán."

Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nínú."

Mo ní, "Níbo nínú? Nínú èyí? Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Ọkùnrin kan tó ti mú owó jáde dá owó rẹ̀ padà sápò. Ojúlówó rí i. Ó wọlé, ó mú òmíràn jáde láti ìsàlẹ̀, èyí tó wúwo, ó sì kó kéékèèké mẹ́wàá lé e. Ó ní òun náà ra ti tẹ́lẹ̀ yẹn ni, wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó mọ ibi tí èyí tó dára wà, kò sì wá a.

Mo bá ọ̀nà ilé lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà tán kí n tó dé orígun ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Keje

Ọ̀gá Olùkọ́ fúnra rẹ̀ wá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kẹfà, níbi tí ìwé tèmi parí sí. Ó ní, "Ìwọ lo máa ń jí ṣọ́ọ̀kì."

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mà."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan tí mo rí."

Ó ní òun ti ta ilé òun. Ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ. Tẹlifíṣọ̀n yẹn ni ọkọ òun kọ́kọ́ rà sílé, òun kò sì fẹ́ gbé òkú rẹ̀ lọ. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe é gan-an, kí ni kapásítọ̀. Mo ní, "Iná tó ń wọlé máa ń ta kìtì, mà, bí omi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Kapásítọ̀ ló dà bí agbada tí a gbé sábẹ́ rẹ̀: a gba omi náà dúró, a wá rọra bù ú lò. Bí agbada bá ti gbẹ, tó ti la, omi á máa ta kìtì dé orí àwòrán."

Ó ní, "Ìdáhùn tó dára." Ó sì tún ní, "Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín o. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gbé e wá fún ọkọ rẹ. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn ni, ṣùgbọ́n ó kún ojú rẹ̀."

 Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Ìhùn ti kú. Mọ́kànlá ni mo ti pààrọ̀. Ohùn obìnrin kan jáde kedere, ó ń ka ìròyìn, alágbàfọ̀ sá wá láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà àwòrán yọ. Ìdajì. Orí obìnrin náà títí dé imú, ìsàlẹ̀ dúdú bí ìkòkò.

Alágbàfọ̀ ní, "Ìyá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì á wá lọ́la."

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó kún ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá. Ta ló gé e sí méjì?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo sọ fún Bàbá wọn pé ó ku èyí tó wà lábẹ́ páànù rẹ̀.  Ó pariwo, ó ní ṣé mo rò pé òun kò mọ iṣẹ́ ni, pé òun fi tuntun síbẹ̀, pé kí n wá ibòmíràn yẹ̀ wò. Itọ́ ń jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó rọ. Mo nù ún nù. Ó gbá ọwọ́ mi dànù pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹjọ

Kò sí iná. Ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹjọ

Mo ti fi mítà tí a fi ń dán iná wò yẹ gbogbo ibi tí kò ní pupa wò. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Ìdajì ṣì ni.

Ní aago mẹ́rin Ọ̀gá Fóònù wọlé pẹ̀lú káfíńtà kan, wọ́n ń fi tépù wọn ògiri mi. Wọ́n wọn ibi tí mo jókòó sí, èmi ṣì wà lórí àga. Káfíńtà ní kí n gbé ẹsẹ̀.

Mo ní, "Kí lẹ ń wọ̀n?"

Ọ̀gá Fóònù ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Gíláàsì la fẹ́ fi síbí. A ó wá àyè kékeré fún yín, ẹ lè máa ta káàdì."

Mo ní, "Ọjọ́ mélòó ló kù nínú oṣù yìí?"

Ó ní, "Méjìlá."

Mo ní, "Ẹ wá padà ní ọjọ́ kejìlá. Káfíńtà, èmi kò ní gbé ẹsẹ̀."

Mo ti gbá ilẹ̀kùn dé kí ó tó dé ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí, mi ò lè kọ ohun tí mo sọ síbí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Mo tú páànù náà. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà mi kúrò lórí síkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kapásítọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti bẹ́ lórí, inú rẹ̀ ti tú jáde bí òwú. Ìlà funfun tó wà lára kapásítọ̀ ni ó ń fi ẹsẹ̀ òdì hàn, ẹsẹ̀ yẹn kò sì gbọdọ̀ wọ ihò tí wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ó wọ̀. Bàbá wọn fi í sódì. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kì í ṣe irú rẹ̀.

Mo ti la ẹnu láti bú u níbẹ̀, èmi nìkan. Mo wá rí i pé ó fi pẹ́ńsùlù kọ déètì sí ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe sí gbogbo èyí tó bá fi sí. 14 Oṣù Kejì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé láti ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin rẹ̀ wọ́ sísàlẹ̀ bí okùn.

Mo gbé kapásítọ̀ náà dé ilé. Mo gbé e ka orí itan rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ lo ṣe èyí." Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, mi ò pè é ní ìwọ rí. A jọ gbọ́ ọ.

 Ó ní, "Mo gbọ́ ìró kan nígbà tí mo tàn án. Pó, báyìí. Lẹ́yìn náà mo ṣubú. Mo rò pé orí mi ló dún."

Mo ní, "Ìgbà wo lo wá mọ̀ pé kì í ṣe orí rẹ?"

Ó ní, "Nígbà tí o ní àwòrán rẹ̀ ìdajì."

"Ó ti di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún."

"Mo mọ̀."

"O gbá ọwọ́ mi."

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Pé òun ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn?"

Mo fẹ́ ṣàánú rẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kí àyè gba àánú. Ó mọ̀, ó sì fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kúrò lọ́wọ́ mi ju kí èmi rí ohun tó wà lábẹ́ páànù. Mo jáde, mo lọ jókòó sí ibi tí a ń sá aṣọ sí títí òjò fi lé mi wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ àyàfi nítorí kọ́kọ́rọ́. Ojúlówó kò ní irú kapásítọ̀ náà. Ó rán mi sí ẹlòmíràn, ó sì fi fóònù pe ẹni náà níwájú mi pé kó má fi ìyá yìí ṣeré o. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti àádọ́ta. Mo gbé e sọ́wọ́ wò. Ó wúwo.

Mo tún ra ọ̀dà èékánná. Kò sí pupa tó rẹwà. Mo mú aláwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹjọ

Ó kún ojú rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Mo rí ẹsẹ̀ wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ

Wọ́n pé sí ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀gá Olùkọ́ àti ọmọ rẹ̀, Ọ̀gá Fóònù àti káfíńtà rẹ̀ tó ti gbé pákó dání. Bàbá wọn ní dandan kí òun wá. Alágbàfọ̀ pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ó di ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti ṣubú níbẹ̀.

Mo tàn án. Ọ̀gá Olùkọ́ sún àga mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan igi rẹ̀, kò wo ìròyìn náà rárá, ẹ̀gbẹ́ àpótí ló ń wò. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó yíjú sí ọkọ mi. Ó ní, "O ṣeun. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kò ní já mi kulẹ̀."

Ọ̀gá Fóònù ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣì ni ọ̀gá."

Mo dúró. Mo ń wo ẹnu ọkọ mi. Mo sọ nínú mi pé tó bá gba ọpẹ́ yìí, mi ò ní dá kọ́kọ́rọ́ padà lónìí, mi ò sì ní dá a padà mọ́.

Ó ní, "Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn." Alágbàfọ̀ yí i. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka. "Gbogbo ọ̀dà ewé tí ẹ rí yẹn, ìyàwó mi ni. Méjìlá. Ọ̀kan péré ni èmi ṣe níbẹ̀, mo ṣe é sódì, òun ló gé àwòrán yín sí méjì. Ó ti yọ ọ́."

 Obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Káfíńtà bi Ọ̀gá Fóònù bóyá kí òun gbé pákó náà padà.

Ọ̀gá Olùkọ́ wo ọ̀dà ewé náà fínnífínní, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Èyí tí o kùn sí apá òsì yẹn ti kọjá ìlà."

Mo ní, "Màá tún un kùn, mà."

Inú ṣì ń bí mi. Ó sọ òótọ́ níwájú ènìyàn mẹ́fà, èmi nìkan ni kò lè sọ ọ́ fún ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò kò rọ̀. Rédíò méjì àti fáànù kan ń dúró dè mí.

Mo wọ bàtà, mo yíjú láti bèèrè. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife mi, ó ti tú u kúrò lára okùn ọrùn rẹ̀. Ó ń wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Máa mú un dání. Kò nílò kí o máa dá a padà mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé."

Mo mú un. Mi ò sọ fún un pé òmíràn ti wà nínú pọ́ọ̀sì mi láti ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje.